Ṣampú pọ́pù fún irun tí wọ́n ti bílíìṣì: ohun tí mo rí lára rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti bílíìṣì irun yín sí góòlù, tí ẹ sì ń rò ó bóyá kí ẹ ra ṣampú pọ́pù, ìyẹn ṣampú aláwọ̀ àlùkò, tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ìpara ní Òṣogbo ń tò síwájú báyìí, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti lò ó títí ike fi gbẹ, mo sì ti ra òmíràn. Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ iṣẹ́ tí ó ń ṣe yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí àwọn tó ń tà á ń fi polówó rẹ̀. Àwọ̀ ló ń tún ṣe, kò tún irun ṣe. Bí owó ọwọ́ yín bá mọ níwọ̀n, kọndíṣọ́nà tó dára ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ṣampú pọ́pù máa bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú irun tí mo ní, nítorí orí ò jọra. Irun mi dúdú kirikiri, ó le, ó sì lọ́ pọ̀ mọ́ra, n kò fi rílásà sí i. Gígé ni mo gé e, àárín rẹ̀ ga tó ìka ọwọ́ kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì kúrú. Onídìrí mi ní Òkè-Fíà ló bá mi bílíìṣì rẹ̀. Ìyẹ̀fun bílíìṣì ni wọ́n máa ń pò mọ́ dẹfẹlọ́pà, ìyẹn hydrogen peroxide. Bí wọ́n bá kọ 20 sára ike dẹfẹlọ́pà, 6% ni agbára rẹ̀. 30 jẹ́ 9%, 40 sì jẹ́ 12%. Èyí tí wọ́n kọ 20 sí ni mo ní kí ó lò, ojú mi ló sì ṣe pò ó. Ẹ má tijú béèrè. Onídìrí tó mọṣẹ́ kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, tèmi tilẹ̀ gbé ike náà fún mi pé, “Àǹtí mi, ẹ kà á fúnra yín.”

Mẹ́lánínì ló fún irun wa ní dúdú tó dú. Bílíìṣì á wọ inú fọ́nrán irun lọ, á sì tú mẹ́lánínì yẹn ká. Irun dúdú ò sì lè ti ibẹ̀ fò di yẹ́lò lẹ́ẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ pọ́n, á rí bí epo pupa, á di àwọ̀ ọsàn, lẹ́yìn náà ni yóò tó wá di yẹ́lò, tí yóò sì máa ṣí lọ. Ibi tí irun yín bá dúró sí lójú ọ̀nà yìí ló máa sọ bóyá ṣampú yìí wúlò fún yín rárá. Pọ́pù ló ń pa yẹ́lò. Búlúù ló ń pa àwọ̀ ọsàn. Mo máa ń rí àwọn ọmọbìnrin ní Ìgbọ̀nà tí irun wọn ṣì wà níbi àwọ̀ ọsàn, tí wọ́n ti ta ṣampú pọ́pù fún, tí wọ́n wá ń pariwo pé ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Ojúlówó ni. Búlúù ni irun tiwọn ń fẹ́, ó sì dùn mí pé ẹni tó gba owó wọn kò wo orí wọn kó tó gbé ọjà fún wọn.

Bí ẹ bá ṣí ike náà, ohun tó wà nínú rẹ̀ dúdú bí aró. Ìgbà tí omi bá kàn án ni yóò tó fi àwọ̀ rẹ̀ hàn. Ó máa ń wọ igun èékánná, ó ń wọ ojú ihò táìsì nílé ìwẹ̀, táwẹ́lì funfun tó bá sì kàn án ti di táwẹ́lì àlùkò nìyẹn, nítorí náà ibọ̀wọ́ náílọ̀nù ṣe pàtàkì. Mo máa ń rẹ irun mi sínú omi dáadáa kí n tó fi sí i, màá fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọlé láti àárín orí, màá sì fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nígbà tí mo bá ṣàn án, yẹ́lò tó ń kọ mànà lójú yẹn á ti rọ̀, góòlù náà á sì tutù, á mọ́ lójú bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ọwọ́ onídìrí. Lórí èyí, mo fún un ní gbogbo máàkì.

Ibi tó ti lè dójú tini ni ṣónṣó irun, pàápàá ní etí orí, níwájú àti ní ìpàkọ́. Ibẹ̀ ni bílíìṣì ti máa ń jẹ irun jù, ibẹ̀ náà ló ń mu àwọ̀ jù. Ilé aládìrẹ ni wọ́n bí mi sí ní ìlú aró yìí, mo sì mọ bí aṣọ tí wọ́n ti fi Hípò bọ́ ṣe ń gba aró: ojú ibi tó ti tinrin á mu ún ní àmuyó, ibi tó ṣì nípọn á kàn tọ́ ọ wò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni irun rí. Bí ẹ bá da ṣampú yìí lé gbogbo orí lẹ́ẹ̀kan, àárín á dára, etí orí á sì di eérú tó dà bí ẹni kùn ún ní àlùkò. Àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí etí orí kàn án nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣàn án. Kò sí èyí tí wọ́n kọ sára ike nínú gbogbo èyí. “Fi sórí irun tútù” ni wọ́n kọ, ó parí. Ó yẹ kí wọ́n kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwa tí irun wa lọ́ mọ́ra.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù wá kù. Ní ṣọ́ọ̀bù kan báyìí, ẹni tó ń tajà sọ fún mi pé “ìwòsàn irun” ni, pé kí n máa fi fọ orí lójoojúmọ́, pé irun tó ń já á dúró. Irọ́ gbáà ni. Ọṣẹ ni ṣampú pọ́pù, ọṣẹ tí wọ́n fi àwọ̀ sí. Irun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn ní òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó bo òde rẹ̀, ojú kì í rí i. Òun ló ń jẹ́ kí fọ́nrán kan yọ̀ kọjá lára ìkejì. Bílíìṣì máa ń bó o kúrò. Ó tún ń já nínú àwọn ìdè tí imí ọjọ́ fi so inú irun pọ̀. Irun tó bá ti rí báyìí, bó bá kan omi, á mu ún bíi kànìnkànìn, á wú, á rọ̀. Bó bá gbẹ, á le gan-an. Fífi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ á kàn máa bá bílíìṣì parí iṣẹ́ ni.

Ẹ wo kóòmù yín. Irun tó jábọ́ nítorí pé àsìkò rẹ̀ tó máa ń ní kókó funfun bíńtín ní ìdí. Èyí tó já kò ní in, á sì kúrú. Ní àkókò tí mò ń fi ṣampú pọ́pù nìkan fọ orí, tí n kò tíì fi nǹkan mìíràn tì í lẹ́yìn, àwọn kúkúrú aláìní-kókó yẹn ló kún inú bàsíà. Àwọ̀ irun mi dára gan-an nígbà náà o! Ẹni tó bá rí mi ní Ọlá-Ìyá á yìn mí. Abẹ́ ọwọ́ mi ló ti ń dún kírakíra.

Àdí àgbọn ló kọ́kọ́ yí nǹkan padà. Mo ń fi pa irun ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo bá fẹ́ fọ̀ ọ́, mo ń wé síkáàfù lé e. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ní Íńdíà gbé jáde ní 2003 fi àdí àgbọn wé òróró sunflower àti òróró tí wọ́n ń rí lára epo rọ̀bì, àdí àgbọn nìkan ló sì dín èròjà purotéènì tó ń bọ́ lára irun kù, títí kan irun tí wọ́n ti bílíìṣì. Ìdí ni pé ó ń wọ inú irun, àwọn méjì yòókù ń dúró sójú. Òrí náà dára, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìfọ̀ ni mo ń lò ó, díẹ̀ tí mo bá ti yọ́ ní àtẹ́lẹwọ́, láti pa omi mọ́ sínú irun.

Kọndíṣọ́nà ló ṣìkejì, òun gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ náwó lé. Ẹ yí ẹ̀yìn ike síta, kí ẹ wá behentrimonium tàbí cetrimonium láàárín àwọn orúkọ tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Irú èròjà yìí máa ń lẹ̀ mọ́ irun tí bílíìṣì ti jẹ ju bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ irun tó ṣì pé lọ, á sì ṣe bí òróró tó ti bó yẹn. Nígbà tó bá wà lórí ni mo ti ń fi ìka tú irun, lẹ́yìn náà ni mo ń lo kóòmù eléyín gbọọrọ, láti ẹnu irun wá sí ìdí. Ẹni tó bá lágbára rẹ̀ lè fi Olaplex kún un, èyí tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2014, tí wọ́n ṣe nítorí àwọn ìdè inú irun tó já. Àbúrò mi ra No. 3, èyí tí èèyàn lè lò fúnra rẹ̀ nílé, mo bá a lò nínú rẹ̀, irun mi sì le dáadáa sí i. Ó wọ́n ṣá, kò sì ní kí ẹ má lo kọndíṣọ́nà.

Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Ara ni mo ń fi wẹ̀. Eérú ni wọ́n fi ń se é, ó le fún irun tí èèpo òde rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀. Ìgbà tí mo bá gbìyànjú ẹ̀ ni irun máa ń takókó. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa ò ní fẹ́ gbọ́ èyí. Irun tiwọn tí wọ́n ń fi í fọ̀, wọn ò bílíìṣì rẹ̀.

Omi náà wà níbẹ̀. Kànga ilé wa ní Alẹ́kúwodò ń fi ìpẹtà sí ìdí garawa, ìpẹtà yẹn náà ló ń pọ́n irun góòlù, tí èèyàn á rò pé ṣampú ti kọṣẹ́. Omi òjò ni mo fi ń ṣàn án kẹ́yìn ní àsìkò òjò. Nígbà ọyẹ́, omi inú ọ̀rá ni, ìwọ̀nba.

Báyìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mò ń fọ orí, ṣampú tí kò ní sulfate, ìyẹn èròjà líle tó ń jẹ́ kí ọṣẹ hó, ni mo sì ń lò. Ìgbà tí yẹ́lò bá ti ń yọjú padà ni mo máa ń gbé pọ́pù jáde, kì í ju ìgbà kan tàbí méjì lọ lóṣù, kọndíṣọ́nà sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà. Ìlú Ọ̀ṣun olóòyà-iyùn ni ìlú wa, kò yẹ kí irun máa já lórí ọmọ Òròkí nítorí pé wọ́n ta àwọ̀ fún un lórúkọ ìtọ́jú.

Ike kékeré ti tó fún irun gígé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ńlá fún yín. Bí dúdú bá sì hù lábẹ́, dúdú yẹn nìkan ni kí wọ́n bílíìṣì. Onídìrí tó bá fẹ́ tún kùn ún láti ìdí dé ṣónṣó, ẹ ní kó dúró.