Ìfiwéra: ẹranko ara owó fàdákà Gíríìkì àtijọ́, fún ẹni tó fẹ́ rà

Ẹ má tìtorí pé ẹ dá ẹranko kan mọ̀ lára owó kẹ́ ẹ sanwó. Ìlú méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè lo ẹranko kan náà, iye tí wọ́n ń tà wọ́n kì í sì í dọ́gba. Ibi tí ẹranko kọjú sí, ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti ìwọ̀n owó náà ló ń sọ ìlú tó rọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ ra òṣùwọ̀n kékeré tó lè ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù, pẹ̀lú lẹ́ǹsì tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Aegina: ìjàpá òkun tàbí ti ilẹ̀?

Erékùṣù kan náà ló rọ méjèèjì, stater wọn (ìyẹn owó fàdákà pàtàkì tí wọ́n ń ná) sì wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 12.2. Ti òkun ló ṣáájú, ní ọ̀rúndún kẹfà ṣáájú Krístì; ti ilẹ̀ dé ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún karùn-ún. Igbá ẹ̀yìn ti òkun ń dán, àmì róbótó-róbótó kan ló sì tò láti ọrùn dé ìrù. Nígbà tó yá, wọ́n fi méjì sí i lẹ́bàá ọrùn, ó wá dà bí lẹ́tà T. Ọwọ́ iwájú rẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ bí àjẹ̀ ọkọ̀. Igbá ti ilẹ̀ pín sí awẹ́-awẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, ó sì ní èékánná.

Owó tí ojú rẹ̀ ti jẹ nítorí lílò ló ń da olùrà láàmú. Bí àwọn awẹ́ yẹn bá ti pa rẹ́, ìjàpá ilẹ̀ á máa dán bíi ti òkun, ẹni tó ń tà á á sì kọ "ìjàpá òkun" sí i. Ẹ fi igbá sílẹ̀, ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Àárín igbá ló ga jù, òun ló ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹsẹ̀ rẹlẹ̀, ó ń pẹ́ kó tó parẹ́. Ẹ wá yí owó náà padà. Bí kòtò onígun mẹ́rin tó wà lẹ́yìn bá pín sí awẹ́ mẹ́jọ onígun mẹ́ta, ti òkun ni. Awẹ́ márùn-ún kò yanjú ọ̀rọ̀, torí ó wà lẹ́yìn ìjàpá òkun tó jáde kẹ́yìn, ó sì wà lẹ́yìn ti ilẹ̀.

Teos àti Abdera: grífíìnì

Ẹranko inú ìtàn ni èyí, orí idì, ìyẹ́, ara kìnnìún. Àwọn ará Teos (ìlú Gíríìkì kan ní etíkun ilẹ̀ Tọ́kì òde òní) tó sá fún ìjọba Páṣíà ní nǹkan bí ọdún 545 ṣáájú Krístì ló lọ tẹ̀dó sí Abdera ní Thrace, ní àríwá Gíríìsì, wọ́n sì gbé àmì ìlú wọn dání. Ti Teos kọjú sí ọ̀tún, ti Abdera sí òsì. Fọ́tò lè sọ òsì di ọ̀tún o, nítorí náà ẹ béèrè ìwọ̀n: stater Teos tó nǹkan bí gíráàmù 12, tetradrachma (owó fàdákà ńlá) Abdera ti ìgbà ìjímìjí sún mọ́ 15.

Istros àti Sinope: idì lórí dọ́lífìnì

Etí Òkun Dúdú ni ìlú méjèèjì wà. Idì Istros sábà máa ń pa ìyẹ́ mọ́ra, ΙΣΤΡΙΗ wà lórí rẹ̀, orí ọkùnrin méjì sì wà lójú kejì, tí ọ̀kan dorí kodò. Idì Sinope na ìyẹ́, lẹ́tà ΣΙΝΩ wà lábẹ́ dọ́lífìnì, orí obìnrin kan ló sì wà lójú kejì.

Olbia náà, ní etíkun kan náà, ní owó bàbà tí wọ́n rọ bí dọ́lífìnì gan-an. Ṣe ni wọ́n yọ́ bàbà dà sínú mọ́ọ̀dù láti ṣe ìyẹn, nítorí náà ìlà ìsopọ̀ ní etí rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ayédèrú. Lára owó fàdákà tí a fi òòlù lù, ìlà bẹ́ẹ̀ burú.

Kọ́ríńtì àti àwọn ìlú tó tẹ̀lé e: Pegasos, ẹṣin oníyẹ̀ẹ́

Stater gbogbo wọn wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 8.6. Ẹ wo abẹ́ ẹṣin: Ϙ ni ti Kọ́ríńtì, Λ ti Leukas, Α ti Ambrakia. Àwọn olùtajà kan ń kọ "Kọ́ríńtì" sí gbogbo rẹ̀.

Ayédèrú

Ihò wínníwínní tó kún ojú owó àti lẹ́tà tí etí rẹ̀ kò mú ń fi hàn pé dídà ni wọ́n dà á. Bí ìwọ̀n bá kéré jọjọ tí nǹkan pupa tàbí àwọ̀ ewé ń yọ níbi tó ti là, bàbà ni inú rẹ̀, fàdákà kàn bò ó ni. Ẹ tún fi fọ́tò rẹ̀ wé àwọn mìíràn tó wà fún títà: ọwọ́ ni wọ́n fi ń lu owó wọ̀nyí, méjì kì í ní ọgbẹ́ kan náà ní ibi kan náà. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ayédèrú ni ọ̀kan, ó sì lè jẹ́ méjèèjì.

Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ béèrè ìwé tó fi hàn ìgbà tí owó náà kúrò ní Gíríìsì. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2011 ni àwọn aṣọ́bodè ibẹ̀ ti ní àṣẹ láti gba ọ̀pọ̀ nínú owó Gíríìsì tí kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀.