Fìtílà ni wọ́n tà fún mi: ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta preamp oní-túùbù l'Ákùúrẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ fẹ́ràn orin tó já gaara, bí ẹnì kan l'Ákùúrẹ́ tàbí l'Óǹdó bá fi fọ́tò preamp dúdú kan ránṣẹ́ sí yín, tí túùbù mẹ́rin (ìgò kékeré bíi gílóòbù tó ń mú ohùn tóbi) yọrí lókè ẹ̀, tó ní tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di àpò yín mú ná. ₦650,000 ni tèmi bá a lọ.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: preamp kì í dá sípíkà gbé. Òun ló ń gba orin látọ̀dọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù, CD tàbí fóònù, òun la fi ń yan èyí tá a fẹ́ gbọ́, òun la fi ń yí ohùn sókè sódò, kó tó wá fà á lé áńpù tó ń ti sípíkà lọ́wọ́. Ìdọ̀tí yòówù tó bá gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ kọjá, ṣe ni áńpù á sọ ọ́ di ńlá. Mo ti ní áńpù tó dáa, sípíkà mi náà ò kẹ̀rẹ̀, ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń wá preamp tó máa bá wọn mu. Ojú ń kán mi, òótọ́ ni.

Ọmọ tó tà á fún mi mọ ọ̀wọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá fojú ara yín rí i." Ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Ọba Adésidà ló ní kí n wá (ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo gbọ́ pé ó kàn yá a lò fún ọjọ́ kan ni). Ó ki í bọ ògiri, ó tẹ̀ ẹ́, túùbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ó pọ́n bí ẹyín iná. Orin jáde lójú ẹsẹ̀. Mo gbé e wò, ó wúwo bí ọlọ. Owó ti wọ àkáǹtì ẹ̀ kí n tó gbé ẹrù mi sínú mọ́tò.

Nígbà tí mo délé, mo fi àwo jùjú kan tí mo mọ̀ látòkè délẹ̀ sí i. Gángan inú ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Mo ní bóyá kò tíì móoru ni. Mo dá orin dúró, mo yí fólúùmù sókè, ó ń dún ṣììì bí epo tí wọ́n fẹ́ da àkàrà sí. Ìyàwó mi ló wá na ọwọ́ sí i. Mo pariwo pé kó má fọwọ́ kàn án, á jó o! Ó ní, "Bàbá Tóbi, nǹkan yín yìí ò mà gbóná." Èmi náà fọwọ́ kàn án. Ó tutù bí omi àmù, lẹ́yìn wákàtí kan tó ti ń tàn.

Ibẹ̀ ni ara mi ti bù máṣọ. Túùbù gidi, ẹ jẹ́ ká mú 12AX7, èyí táwọn ará Yúróòpù ń pè ní ECC83, iná gbọ́dọ̀ mú okùn inú ẹ̀ gbóná kó tó lè ṣiṣẹ́. Pupa ẹ̀ máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ ó sì dúró bí ìdajì ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó gbọ́ ohunkóhun. Èyí tó bá tàn wàì tó sì kọrin lọ́gán, ẹ bi í léèrè ibi tó ti gba agbára.

Mo gbé e lọ bá bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní Òkè-Àró. Bàbá kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, ó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: 120V, 60Hz. Ó ní ṣé mo ní tiransifọ́mà tó ń dín iná kù nílé? Mo ní rárá, ògiri ni mo ń kì í bọ̀ tààrà. Bàbá wò mí. Iná tiwa 230V ni. Ẹrù Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe fún 120, tẹ́ ẹ bá kì í bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, èéfín lẹ máa rí. Tèmi ò jó. Kò jó nítorí pé kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn.

Ó wá tú u. LED kékeré kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ túùbù, ẹsẹ̀ túùbù fúnra ẹ̀ ò kan wáyà kankan. Ṣíìpù kan tí kò tó èékánná ló ń dá gbogbo iṣẹ́ ṣe. Ibi tó yẹ kí tiransifọ́mà wà, ọ̀pá irin ni wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè síbẹ̀ kó lè wúwo, pátákó iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ò ju ti ṣájà fóònù lọ. Ihò XLR (ibi tí wáyà ohùn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta máa ń wọ̀) tó wà lẹ́yìn, tó jẹ́ òun gan-an ló wú mi lórí, òfìfo ni. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Ọmọ mi, fìtílà ni wọ́n tà fún ẹ."

Ẹ má tìtorí tèmi máa tú preamp oní-túùbù gidi nílé o. Iná tó lé ní 200V máa ń wà nínú ẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa á.

Mo pe ọmọ náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iná ilé yín ló bà á jẹ́." Mo rán an létí pé òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ò fàyè gba kéèyàn fi orúkọ ọjà kan ta òmíràn. Ó ní òun ń bọ̀. Látọjọ́ náà, nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ mú àwo tiyín dání. Ẹ jókòó ti ẹ̀rọ náà fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, torí àìsàn míì kì í yọjú àfi tí ara ẹ̀ bá gbóná. Ẹ rọra yí fólúùmù láti ìsàlẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ọ̀tún àti òsì jọ ń gòkè, tàbí ó ń dún kràà kràà. Bí olówó ẹrù bá ní kò sáyè, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan l'Óǹdó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi pé òun fẹ́ ra preamp, ₦700,000. Nọ́ńbà ọ̀tọ̀, orúkọ ọ̀tọ̀. Àmọ́ kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tó wà nínú fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi náà ló hàn nínú dígí iwájú ẹ̀, igun ọ̀tún sì ha níbi tí tèmi ti ha. Ẹni tí wọ́n bá fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí, kó fi hàn mí kó tó san kọ́bọ̀.