ÌKÌLỌ̀ O: Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì "kẹ̀kẹ́ fún ọmọ iléèwé" yẹn, gbájúẹ̀ ni wọ́n

Ẹ̀yin ọmọ Ajílété, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni. Àwọn kan ń káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, wọ́n láwọn ń kówó jọ láti fi ra kẹ̀kẹ́ ológeere fáwọn ọmọ abúlé tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síléèwé ní Oríire àti Sùúrùlérè, pé ẹni tó bá dáwó máa gba tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wá fa tíkẹ́ẹ̀tì yẹn níta gbangba, ẹni tórúkọ ẹ̀ bá jáde á gba firísà tàbí ọ̀kadà tàbí jẹnẹrétọ̀. Irọ́ ni o. Irọ́ gbuu! Wọ́n ti jẹ owó mi, wọ́n ti jẹ tàwọn tí mo mọ̀, wọ́n sì ti yí orúkọ padà, torí náà kí n tiẹ̀ dárúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nígbà tèmi, kò lè ṣe yín láǹfààní, wọ́n á ti di fáúńdéṣàn míì. Ìṣe wọn ni kẹ́ ẹ mọ̀.

Ẹja tútù ni mo ń tà ní Sábó. Firísà méjì ni mo ní nígbà yẹn, ọ̀kan ti di ibi tí mò ń kó páálí sí, èkejì ń dákú dájí. Mo ń sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí wọ́n ti rí mi mú, kì í ṣe pé ojú mi ò kúrò lára ohun olóhun o.

Inú gúrúùpù Wasáàpù àwa tá a jọ ń dá àjọ ni mo ti rí i. Bùrọ̀dá kan tí gbogbo àdúgbò ń bọ̀wọ̀ fún ló gbé e síbẹ̀, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó mọ ara ẹ̀, ó sì ń ka ibí yìí. Àwòrán àwọn ọmọ ni, wọ́n wọ aṣọ iléèwé, wọ́n di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kẹ̀kẹ́ dúdú ńláńlá tó ní àgbérù irin lẹ́yìn. Ó wù mí. Ta ni kò ní wù? Èmi náà fẹsẹ̀ rìn láti oko bàbá mi lọ síléèwé, mo mọ bí oòrùn ṣe ń pani lọ́nà. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ₦2,000. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá san ₦75,000, odidi kẹ̀kẹ́ kan ló rà fún ọmọ kan nìyẹn, wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀ sára kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n á sì fún un ní ogójì tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi yìí, mo san ₦75,000. Owó tí mo fẹ́ fi lọ ra ọjà! Wọ́n fi àwòrán ọmọbìnrin kékeré kan ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní òun ló máa gùn ún, pé wákàtí méjì ló fi ń rìn lójúmọ́, mo sì jókòó sídìí ẹja mo ń sunkún.

Ọmọ mi tó wà ní LAUTECH ló padà bá mi gbé àwòrán àwọn ọmọ yẹn sórí Google. Ìgbà yẹn ti pẹ́ jù. Ṣé ẹ mọ ibi tó ti jáde? Zambia! Àwọn ẹgbẹ́ kan wà lóòótọ́ tí wọ́n ń jẹ́ World Bicycle Relief, 2005 ni wọ́n dá a sílẹ̀ lẹ́yìn tí omi òkun ya pa àwọn èèyàn lápá Éṣíà, àwọn ló ń fún àwọn ọmọ iléèwé ní kẹ̀kẹ́ tó lágbára tí wọ́n ń pè ní Buffalo, ó lè gbé ẹrù 100 kílò. Àwọn yẹn ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ wa níbí. Àwọn tó ń ṣoore níbòmíì, wọ́n jí àwòrán wọn wá fi jà wá lólè ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí lẹ fẹ́ pe irú èèyàn bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀ẹ̀n, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ díẹ̀ jáde níbí náà o, kò sírọ́ níbẹ̀, òun ló tiẹ̀ jẹ́ ká gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n lọ sí iléèwé kan lọ́nà Ìkòyí-Ilé, wọ́n to àwọn ọmọ, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ṣe fídíò, olùkọ́ gbàdúrà. Ìyá kan tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu géètì iléèwé yẹn ló sọ fún mi níkẹyìn pé gbàrà tí wọ́n ya fọ́tò tán ni wọ́n tún kó kẹ̀kẹ́ padà sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn lára, àwọn ń bọ̀. Bísíkíìtì làwọn ọmọ rí, wọn ò rí kẹ̀kẹ́. Kẹ́ ẹ wá wo fọ́tò tí wọ́n yà láwọn abúlé yòókù, kẹ̀kẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ìjókòó ẹ̀ ti ya, wọ́n fi ọ̀rá aláwọ̀ búlúù wé e, gbogbo abúlé ni kẹ̀kẹ́ yẹn dé! Kẹ̀kẹ́ kan náà! Ojú mi ni fọ́tò yẹn wà látọjọ́ yìí, mi ò rí ọ̀rá búlúù. Ṣé ojú mi fọ́ ni? Kò fọ́. Ta ló máa ń wo ìjókòó kẹ̀kẹ́ nígbà tí ọmọdé ń rẹ́rìn-ín?

Wọ́n wá fa tíkẹ́ẹ̀tì lórí Facebook, a jọ ń wò ó nínú ìsọ̀. Ọmọ kékeré kan kiwọ́ bọ inú rọ́bà, wọ́n ka bébà tó mú jáde, orúkọ mi ni! Firísà ńlá! Àwọn aládùúgbò mi hó, a jó, ìyá aláta fi gèlè ẹ̀ kọ́ mi lọ́rùn, mo ra mínírà káàkiri, mo pe àbúrò mi l'Ékòó, mo pe pásítọ̀ wa kó bá mi dúpẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi, ó sì pè mí jáde níwájú ìjọ. Níwájú ìjọ, ẹ̀yin èèyàn! Bí mo bá ti rántí ibẹ̀ yẹn, ara mi á gbóná.

Ọmọbìnrin kan ló pè mí, ohùn ẹ̀ dùn, "Màmá mi, ẹ kú oríire o, Màmá mi." Ó ní firísà ti wà ní pákì l'Ékòó, owó wébíìlì ló kù, ₦28,500. Mo san án. Ó tún pè, ó ní owó orí ìjọba lórí ẹ̀bùn, wọ́n ò lè gbé e jáde láìsan án. Mo san án. Ó tún ní ọkọ̀ ti dé Ìbàdàn ṣùgbọ́n àwọn kan dá a dúró lójú ọ̀nà, ó fi fídíò ránṣẹ́, firísà wà lẹ́yìn ọkọ̀ lóòótọ́, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn, orúkọ mi gàdàgbà ló wà lára bébà yẹn. Orúkọ mi! Owó ọwọ́ mi ti tán nígbà yẹn, kí ni mo ṣe? Mo pe àwọn tó ń ra kóńdẹ̀mù, mo ta firísà mi tó ti kú fún wọn, mo tún ta èyí tó ń dákú dájí mọ́ ọn torí kí àyè lè wà fún tuntun, mo fi owó yẹn ránṣẹ́ sí i. Àtìgbà náà nìyẹn, nọ́ńbà ò lọ mọ́.

Ẹ gbọ́ o. Firísà tí mo fi ń jẹun ni mo tà fún oní-kóńdẹ̀mù nítorí firísà inú fídíò. Báyìí, yìnyín ni mò ń rà lójoojúmọ́ tí mo fi ń to ẹja sínú kúlà. Àwọn kan ní Sábó ti sọ mí ní "Màmá Firísà", wọ́n rò pé mi ò gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ojúkòkòrò ni, ẹ rọra. Nígbà tí MMM, ètò ìlọ́po owó yẹn, dá owó àwọn èèyàn dúró ní December 2016, ẹ̀yin lẹ̀ ń sunkún. Nígbà tí CBEX, irú ẹ̀ kan náà, wó ní April 2025 táwọn èèyàn lọ kó àga ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó n'Ìbàdàn, ṣé èmi wà níbẹ̀? Àwọn yẹn fẹ́ kówó wọn di ìlọ́po méjì. Èmi, ọmọ ọlọ́mọ ni mo ra kẹ̀kẹ́ fún. Àmọ́ kí n má parọ́, ká ní kò sí firísà níbẹ̀, bóyá ₦2,000 péré ni mà á fún wọn. Ọkọ mi sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ẹni tó ń ṣàánú kì í ta tẹ́tẹ́," mo ní kó yéé sọ̀rọ̀ bí aláìmoore. Èmi gan-an ni mo fi epo para tí mo lọ jókòó sídìí iná. Síbẹ̀, ìyẹn ò sọ ọ́ di ẹ̀bi mi o! Olè ló jẹ̀bi. Nọ́ọ̀sì wà lára àwọn tó sanwó, tíṣà wà níbẹ̀, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, ṣé gbogbo wa ni òmùgọ̀?

Bùrọ̀dá tó gbé e sínú gúrúùpù náà, ó ní òun ò mọ̀. Ó dáa. Kí ló dé tó fi jáde nínú gúrúùpù lọ́jọ́ tí mo béèrè ọ̀rọ̀? Ẹnì kan ti sọ fún mi pé wọ́n ń fún àwọn tó bá mú èèyàn wá ní nǹkan lórí ẹni kọ̀ọ̀kan. Kó wá sọ pé irọ́ ni.

Lọ́yà kan tó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ mi ló là mí lóye, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́. Wọ́n fi ìwé CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, hàn wá, òǹtẹ̀ wà lára ẹ̀, ọkàn wa balẹ̀. Àṣé nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀, BN ló wà níwájú ẹ̀, ìyẹn orúkọ òwò lásán, ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀wà náà lè gba irú ẹ̀. Ẹgbẹ́ àánú tó bá fi orúkọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ lábẹ́ òfin CAMA ti 2020, IT ló sábà máa ń wà níwájú nọ́ńbà ẹ̀, wọ́n á pè é ní Incorporated Trustees, ẹ lè wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì CAC fúnra yín, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n tún ní Abùjá ló fún àwọn láṣẹ láti fa tíkẹ́ẹ̀tì. Irọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá a ní November 2024 pé ìpínlẹ̀ ló láṣẹ lórí lọ́tìrì, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Ẹ wo orúkọ orí àkáǹtì, tó bá jẹ́ orúkọ èèyàn kan ṣoṣo, ẹ sá. Ẹ pe iléèwé tí wọ́n láwọn fún ní kẹ̀kẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ hàn yín lónìí, kì í ṣe fọ́tò. Ẹ̀bùn yòówù tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó gbà, ẹ má san kọ́bọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti san án, ẹ pe báǹkì lójú ẹsẹ̀, kó má di ọ̀la; ojú ni mò ń tì tí mi ò fi tètè pè, ìgbà tí mo fi dé báǹkì wọ́n ní wọ́n ti kó owó yẹn kúrò nínú àkáǹtì ọ̀hún.

Èmi o, mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Ẹni tó ń ta bàtà lórí fóònù, olè. Ẹni tó ń kówó jọ fún aláìsàn, kó gbé aláìsàn wá kí n rí i. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, àwọn oní-mọ́sáláṣí, ẹ má bínú, ẹ gbé ìwé yín jáde. Ọṣẹ tí wọ́n ní kí n já ọ̀rá ẹ̀ wò bóyá mà á jẹ ọ̀kadà, mo ti dá a padà sọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wọn. Èmi náà ọlọ́jà ni, àwọn oníbàárà mi ń sanwó ẹja sílẹ̀ fún mi kí n tó gbé e dé. Àmọ́ inú ń bí mi.

Lọ́yà ní òfin 419 ti 2006 wà fún irú wọn, ẹ̀wọ̀n ọdún méje ló kéré jù, kò sí pé ẹ san owó ìtanràn kẹ́ ẹ máa lọ sílé. Ó wù mí kí n fojú rí i.

Ẹnì kan ti ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí pé òun lè bá mi gba owó mi padà, kí n kọ́kọ́ san ₦10,000 fún fọ́ọ̀mù. "Màmá mi" ló pè mí. Mo ti búlọ́ọ̀kù ẹ̀. Tó bá kàn yín, ẹ má dá a lóhùn, àwọn náà ni.

A ń kọ orúkọ àwọn tó bá ọ̀rọ̀ náà lọ sílẹ̀ báyìí láti lọ fi pẹtíṣọ̀n sílẹ̀ lọ́dọ̀ EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì, ní Ìyágankú n'Ìbàdàn, wọn kì í gbowó níbẹ̀. Ẹ tọ́jú alẹ́ẹ̀tì yín, ẹ tọ́jú nọ́ńbà àti ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ wá bá mi ní ìsọ̀ ní Sábó, kì í ṣe lórí fóònù, ẹ má sì fi owó kankan ránṣẹ́ sí mi, kálukú ló máa san owó ọkọ̀ ara ẹ̀.