Òrùka Ẹsẹ̀ Adìẹ: Ẹ Rà Á, Àmọ́ Ẹ Fojú Fo Yẹ́lò

Tó bá jẹ́ Isa Brown lẹ ń sìn lẹ́yìnkùlé, tàbí irú àwọn adìẹ ẹlẹ́yin tó pupa bákan náà láti orí dé ìrù, ẹ ra òrùka ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ lè dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ adìẹ ìbílẹ̀ nìkan lẹ ní, ẹ fowó yẹn ra àgbàdo fún wọn.

Oríṣi méjèèjì ló wà nílé mi ní Apẹ̀tẹ́, n'Ìbàdàn níbí. Àwọn ìbílẹ̀ ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọ̀kan jẹ́ aṣa, gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ ló ṣẹ́rí padà sókè. Ọ̀kan jẹ́ abolọ́rùn, ìhòòhò ni ọrùn rẹ̀ wà. Òpìpì kan náà wà tí kò lè fò dórí ọgbà láéláé. Ara wọn ti sọ wọ́n lórúkọ kí ẹnikẹ́ni tó yanu. Àkùkọ wọn ló ń jẹ́ Ládánì. Alhaja ilé kejì ló fún un lórúkọ yẹn, torí ó ní kò sí àsùbáà kan tó pa á jẹ rí.

Àwọn Isa Brown tó pupa bí epo yìí ni ìjàngbọ̀n. Àwọn ọmọ mi ti pín orúkọ fún wọn: Alága, Kọ̀ńdọ́, Sísí Bódìjà, Agbẹjọ́rò tó jẹ́ pé tó bá yé ẹyin kan, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, àti Ìyá Ìjọ. Orúkọ dùn lẹ́nu, àmọ́ ta ni ta? Ẹni tí wọ́n pè ní Alága láàárọ̀ ni wọ́n ń pè ní Sísí Bódìjà tó bá dìrọ̀lẹ́. Wọ́n jọra bí ìbejì. Eré la fi ṣe títí ọ̀kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹyin. Ẹni tó bá ti sin adìẹ mọ̀ pé ìwà yẹn máa ń ràn. Tí ẹ ò bá tètè mú ọ̀daràn kúrò, àwọn yòókù á kọ́ ọ. Mo bá a níbi tó ti ń ṣe é, èèpo ẹyin wà níwájú rẹ̀, pupa ẹyin ti kùn ún lẹ́nu. Bí mo ṣe na ọwọ́ báyìí, ó sáré wọ àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó nu ẹnu mọ́ ilẹ̀ lápá ọ̀tún, ó nù ún lápá òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tan ilẹ̀ bí àwọn tó kù. Mi ò dá a mọ̀ mọ́.

Àkísà ni àwọn ìyá wa máa ń so mọ́ adìẹ lápá kó má baà sọnù sí àárín ti aládùúgbò. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ wo àkísà lẹ́yìn òjò méjì: ẹrẹ̀ á gbá a mú, á há sára wáyà ọgbà, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣá. Okùn ẹsẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí tó bá ti fún, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè kọjá dáadáa, ẹsẹ̀ á wú.

Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta oúnjẹ àti oògùn adìẹ ni mo ti ra òrùka. Oríṣi méjì ni wọ́n ní. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ike tó lọ́ yípo, kò ní nọ́ńbà, àwọ̀ nìkan ló fi yàtọ̀. ₦2,500 ni mo ra ogún rẹ̀ nígbà yẹn. Èkejì fẹ̀, nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ pa ni. Ó wọ́n jù, ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ pa sì máa ń ṣẹ́. Ọ̀kan ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ kó tó débi ẹsẹ̀ adìẹ rárá. Ẹ má wulẹ̀ yà sídìí ẹ̀, àfi tí adìẹ yín bá pọ̀ ju iye àwọ̀ tó wà lọ.

Ohun tí mo bá ọlọ́jà jà sí ni pé wọn kì í jẹ́ kéèyàn ṣa àwọ̀, wọ́n sì kì í kọ ìwọ̀n sára àpò. Ìwọ̀n sì ni ọ̀rọ̀ gan-an. Mìlímítà 16 ló bá àgbébọ̀ ẹlẹ́yin mu. Àkùkọ tó sanra á fẹ́ 18 tàbí 20. Tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ tán, kó lè yí, kó lè lọ sókè lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kó má lè bọ́ gba orí ìka jáde. Ọmọ adìẹ tó ṣì ń dàgbà, ẹ má wọ̀ ọ́ fún un kẹ́ ẹ gbàgbé. Ẹsẹ̀ á dàgbà, òrùka ò ní dàgbà. Alẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é, tí wọ́n bá ti sùn sórí igi. Ẹ rẹ iná tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀, ẹ lọ́ ọ sí i. Ládánì nìkan ló bá mi ja ìjà.

Pupa, búlúù àti dúdú ṣì wà bí mo ṣe rà wọ́n. Yẹ́lò ti di funfun nínú oòrùn, funfun tòótọ́ sì wà nínú àpò kan náà, ẹ̀yin náà ẹ wo wàhálà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n yìn ín síbi tó yẹ ká yìn ín. Láti ìgbà tí òrùka ti dé, orúkọ ti jókòó sára ẹni tó ni ín. A wá rí i pé Alága ń ṣe alága lóòótọ́: òun ló ń kọ́kọ́ débi oúnjẹ, ó ń ṣá Kọ̀ńdọ́ lórí, Kọ̀ńdọ́ á yí padà ṣá Sísí Bódìjà, Sísí ò sì jẹ́ dá a padà. Ará Norway kan, Thorleif Schjelderup-Ebbe, ti kọ̀wé nípa ipò àgbà láàárín adìẹ láti nǹkan bí ọdún 1921. Àwọn adìẹ tó dá mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ló fi rí i. Ìwé tí mo ń kọ iye ẹyin sí náà wá nítumọ̀. Lọ́jọ́ tí mo sì bu oògùn lùkúlùkú, àrùn adìẹ, sínú omi, mo mọ ẹni tó mu àti ẹni tí kò mu.

Ọ̀daràn náà ńkọ́? Òrùka búlúù ni. Ìyá Ìjọ! Ọbẹ̀ la fi í ṣe. Àwọn ọmọ ò jẹ ẹ́, èyí àbúrò nínú wọn gan-an sunkún. Látìgbà náà ni mo ti ṣòfin: ẹlẹ́yin nìkan ló ń gba orúkọ àti òrùka. Àkùkọ Kérésì á rìn láàárín wọn láìlórúkọ, tẹ́nikẹ́ni bá sì dán an wò kó pè é ní Dàńdì, èmi àti ẹ̀ la jọ máa sọ ọ́.

Ohun kan ṣoṣo tí ẹni tó tà á fún mi ò ronú kàn: Alhaja rí i, ó fẹ́ràn ẹ̀, ó rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn kan náà. Àpò kan náà, àwọ̀ kan náà. Lọ́jọ́ Sátidé, Alága méjì ló ń jà sí àgbàdo nínú ọgbà mi, ọ̀kan fo ọgbà wá. Alhaja ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé tiyín nìyí àbí tèmi?" A ti wá fẹnu kò báyìí pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ni tèmi, ẹsẹ̀ òsì ni tiwọn. Kẹ́ ẹ tó ra tiyín, ẹ kọ́kọ́ yọjú sí ilé kejì, kẹ́ ẹ wo ẹsẹ̀ adìẹ tibẹ̀.