Huang Quan àbí Xu Xi, èwo lẹ ó mú?

Nínú àwòrán òdòdó àtẹyẹ àwọn ará Ṣáínà, ọ̀nà méjì ló ti wà láti bíi 1,000 ọdún sẹ́yìn. Ayàwòrán méjì ló bẹ̀rẹ̀ wọn. Huang Quan, ààfin ọba Shu, ìjọba kan ní ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà, ní Chengdu ló ti ṣiṣẹ́, ẹyẹ olówó ńlá ló ń yà, á kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà tín-ín-rín, á wá máa kun àwọ̀ lé e díẹ̀díẹ̀ títí o ò fi ní fẹ́ẹ̀ rí ìlà yẹn mọ́. Iṣẹ́ ẹ̀ kan ṣì wà ní Beijing, ẹyẹ, kòkòrò àti ìjàpá méjì ló wà lórí ẹ̀, ó yà á kí Jubao ọmọ ẹ̀ lè máa fi kọ́ṣẹ́ ni, ah, ẹ wo ìyẹ́ ara ẹyẹ yẹn, ó dà bíi pé ó fẹ́ fò!

Xu Xi ní tiẹ̀ ò ṣiṣẹ́ ọba rárá, Jiangnan, ní gúúsù odò Yangtze, ló wà, òdòdó igbó, ẹ̀fọ́ inú ọgbà, ẹyẹ odò, íńkì dúdú ló pọ̀ níbẹ̀, àwọ̀ díẹ̀ ló ń fi sí i. Ti Huang làwọn ọba Song, tó jọba Ṣáínà lẹ́yìn náà, gbà. Àmọ́ èmi o, Xu Xi ni mo mú, ẹni tó jókòó ti ẹ̀fọ́ lásán tó sì yà á bí ẹni ń ya ẹyẹ ọba, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni.