Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnnì 454 “blueprint”

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ní Texas, ẹ jọ̀ọ́, ẹni yòówù tó bá ní òun ti blueprint ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ni pé òun ti tún un tò kó bá ìwọ̀n ilé iṣẹ́ mu, ẹ má sanwó fún un àfi tí ẹ bá rí ìwé tó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá dọ́là! Owó iṣẹ́ alẹ́ tí mo rọra ń tù jọ.

Chevelle SS 1970, ọkọ̀ Chevrolet, ni mo ní. Ọmọ ilé wa kan nítòsí Houston ní LS6 wà lọ́wọ́ òun, ìyẹn ẹ́ńjìnnì 454 (454 cubic inch ni ìtóbi rẹ̀) tí Chevrolet kọ 450 horsepower sí lọ́dún náà. Ó ní òun ti blueprint rẹ̀, ó ti kọjá 550. “Ọlọ́run ń gbọ́, ẹ̀gbọ́n.” Ẹ̀gbọ́n! Ó ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ọsàn ti Chevrolet kùn ún, ó ń dán gbinrin.

Ìgbà tí mẹkáníìkì mi tú u ni àṣírí tú. Bóòtù mẹ́rin ló yẹ kó de main cap kọ̀ọ̀kan (irin tó di crankshaft mú) nínú LS6. Méjì méjì la bá. Lifter rẹ̀ (ohun tó ń ti fáàfù ṣí), hydraulic, èyí tó ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ solid, irin lásán, ni ti LS6. Cylinder head rẹ̀, ti ọkọ̀ akẹ́rù, èyí tí ihò rẹ̀ kéré. A gbé piston sórí òṣùwọ̀n, ìwọ̀n wọn ò dọ́gba. Kí ni wọ́n wá blueprint? Ẹni tó bá blueprint ẹ́ńjìnnì, ṣe ló máa wọn gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, tí yóò mú un bá ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ yà sórí ìwé mu, tí piston àti rod yóò wúwo bákan náà. Ìyẹn nìkan kò lè fi 100 horsepower kún un! Nígbà tí a gbé e sórí dyno, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ẹ́ńjìnnì, kò dé 250.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí mi ò kọ́kọ́ ṣí i wò. Mo bẹ̀ ẹ́! Ó ní tí a bá ṣí i, gasket á bàjẹ́, òótọ́ sì ni, gasket máa ń bàjẹ́. Èmi kì í ṣe òmùgọ̀. Ó yẹ kí n takú, mo mọ̀, ṣùgbọ́n olè lòun.

450 horsepower tí Chevrolet kọ yẹn gan-an, gross ni: ìta ọkọ̀ ni wọ́n ti wọn ẹ́ńjìnnì náà, láìsí air cleaner, láìsí muffler. Lọ́dún 1972 tí GM, ilé iṣẹ́ tó ni Chevrolet, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ net nìkan, ìyẹn agbára ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú àwọn nǹkan wọ̀nyẹn lára rẹ̀, 270 ni 454 inú Chevelle. Ẹni tó bá ń fi gross díwọ̀n ọkọ̀ òde òní, irọ́ ló ń pa.

Ẹ wo lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sí iwájú block lápá ọ̀tún: CRV ni LS6 Chevelle onígíà ọwọ́, CRR ni ti automatic. Wọ́n lè tẹ ayédèrú náà o. Ẹ béèrè ìwé dyno. Ẹ má fún wọn ní kéèṣì. Ní tèmi, mi ò gba ẹnì kankan gbọ́ mọ́ nínú wọn.

Ẹni tó tà á fún mi ti dínà nọ́ńbà mi. Justice Court ní Texas ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju 20,000 dọ́là lọ, ibẹ̀ ni mo ń gbé e lọ. Ẹni tó bá ti ra irú ẹ́ńjìnnì yìí lágbègbè Houston yẹn, kó fi rìsíìtì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.