Ọdún mẹ́ta pẹ̀lú FlightGear, láti Alákìá dé Ìlọrin

Mo ti ń wa bàálù láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi ò sì tíì tẹ inú ọ̀kan rí. Yàrá mi ní Mókọ́lá ni mo ti ń wà á, lórí laptop àlòkù tó máa ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. FlightGear ni mò ń lò, ètò kọ̀ǹpútà tí èèyàn fi ń wa bàálù lójú ẹ̀rọ. Ọ̀fẹ́ gidi ni, kì í ṣe ọ̀fẹ́ "ẹ tọ́ ọ wò, ẹ ó sanwó lọ́la". Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn kárí ayé ti ń ṣe é. Cessna 172 oníjókòó mẹ́rin bá a wá, mi ò sì tíì fi ìyẹn sílẹ̀ fún òmíràn.

Kí n tètè sọ ibi tó kù sí. Ilẹ̀ tí ẹ bá ń fò kọjá máa ń wọlé látorí íńtánẹ́ẹ̀tì bí ẹ ṣe ń lọ, nítorí náà dátà ni owó epo yín. Tí kọ̀ǹpútà yín bá ti dàgbà bíi tèmi, ẹ dín ẹwà àwòrán kù kó má baà máa fà. Ẹni tó bá sì ń wá páànù Bẹẹrẹ tó ti dípẹtà, kó gun ilé ìṣọ́ Bower ní Òkè Àrẹ̀ lọ wò ó. Ti orí kọ̀ǹpútà mi ò jọ ọ́. Joystick àlòkù tí mo rà, tí ẹni tó tà á búra pé kò ní wàhálà, apá òsì nìkan ló máa ń fẹ́ yà sí. Ẹjọ́ ìyẹn kì í ṣe ti FlightGear.

Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí ni fífò pa pọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ óo yan orúkọ tí wọn ó máa fi mọ̀ yín lókè, kò gbọdọ̀ ju létà méje lọ, ẹni tó bá sì wà nítòsí á máa rí bàálù yín. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pàdé àwọn mẹ́ta: akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àgbowó, tẹ́lọ̀ kan ní Challenge tí à ń pè ní Àǹtí, àti ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún fíríìjì ṣe ní Òkè-Àdó. OLUYOLE ni tiẹ̀. Ó ní ẹni tó fi gbèdéke sí létà méje ti mọ̀ pé ọmọ Ìbàdàn ń bọ̀.

Alaalẹ́ Sátidé la máa ń gbéra ní Alákìá, pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn tí wọ́n ń kọ ní DNIB nínú ètò náà, ó di Ìlọrin. Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, ká tó balẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú márùnlélógójì. Àárín ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, lórí WhatsApp: owó iléèwé, oníbàárà tí kò sanwó, iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi. Ojú ò rí ojú, ọ̀rọ̀ ò wúwo lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ mi ní bíbalẹ̀. "Rọra, àbúrò. Ilẹ̀ ò sá lọ."

Sátidé kan, OLUYOLE ò yọ. A rò pé iná ni. Lọ́jọ́ Ajé, nọ́ńbà rẹ̀ pe akẹ́kọ̀ọ́, ohùn obìnrin ló gbọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwa mẹ́ta rí ara wa nìyẹn, nílé ọ̀fọ̀. A tiẹ̀ kọ́kọ́ ṣìnà: a béèrè ilé Olúyọ̀lé, wọ́n ń júwe ẹ́sítéètì fún wa. Bàbá Ìbejì ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. A kí wọn kú ará fẹ́ra kù, bàbá àgbà kan wá bi wá pé níbo la ti mọ̀ ọ́n. Àǹtí ní, "A jọ ń wa bàálù ni, sà." Bàbá wo bàtà wa títí. Ìyá Ẹ̀gbọ́n wà ní yàrá, wọn ò jẹ́ kí wọ́n dé ibi sàréè. Ìyá kì í sin ọmọ. Ìyàwó rẹ̀ ló jáde sí wa. "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń gbà á lọ́wọ́ mi lálẹ́ Sátidé?" Mo ti ń wá ẹ̀bẹ̀ tí mo máa bẹ̀, ló bá rẹ́rìn-ín, ló bá bú sẹ́kún.

Àwọn awakọ̀ òfurufú ní àṣà kan fún ẹni wọn tó bá kú: wọ́n á tò lójú ọ̀run, wọ́n á fi àyè ẹnì kan sílẹ̀, tàbí kí ọ̀kan yà kúrò láàárín wọn kó forí lé òkè. A ní àá ṣe é lórí Alákìá. Akẹ́kọ̀ọ́ gbé laptop tiẹ̀ lọ sí Òkè-Àdó, ó tan ti Ẹ̀gbọ́n fún Ìyá Ìbejì, ó sì yí àwòrán rẹ̀ sí ti ilé ìṣọ́ pápákọ̀ kó lè máa wò wá látilẹ̀. Ó gbàgbé pé orúkọ Ẹ̀gbọ́n ṣì wà nínú rẹ̀. Bí OLUYOLE ṣe yọ lójú ẹ̀rọ mi, ọwọ́ mi kúrò lórí joystick. Bàálù yà sósì.

Ìtò wa ò dáa rárá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà, bàálù Àǹtí ń ta bí ìrẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló wọ àyè tí a fi sílẹ̀, tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dúró. Ìyá Ìbejì ò sọ nǹkan kan. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó béèrè pé, "Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, báwo ni wọ́n ṣe ń sítáàtì ẹ̀?"

Ẹ tẹ àmì } lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ wá di létà s mú títí ẹ̀rọ á fi dáhùn. Bàálù mẹ́ta ló fọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Sátidé tó kọjá, ó dé Ọ̀yọ́.